Kí A Tó Kó Ẹrù Lọ sí Èkó

Nígbà tí a wọlé ní táàmù yìí, àwọn kan ń sọ ìròyìn ìgbéyàwó tí wọ́n jẹ, àwọn kan lọ kí ìyá àgbà wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti bàbá mi lọ wo Èkó. A ò lọ ṣeré rárá. A lọ wo ìlú náà bí ẹni ń yẹ aṣọ wò lọ́jà kó tó yọ owó.

Ohun tó fà á rèé. Wọ́n gbé iṣẹ́ bàbá mi kúrò ní Jọ́ọ̀sì lọ sí Àpápá. Jọ́ọ̀sì yìí ni wọ́n bí gbogbo wa sí, ibẹ̀ ni màámi ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń gbé pẹ̀lú wa. Bí ìwé yẹn ṣe dé, kálukú ń sọ tiẹ̀. Àwọn ẹbí kan ní kí bàbá mi dá lọ, kó máa wá wò wá ní àsìkò ọdún. Màámi ní òun ò fẹ́ ọkọ orí fóònù. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, torí owó tó wà nílẹ̀ kò ju èyí tó lè gba ilé kan lọ, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó tí màámi ti ń kó jọ láti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Bí a bá fi gba ilé tí kò dáa, ó tán nìyẹn.

Ìyá Àgbà ló dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ lọ wo ibẹ̀ ná. Bí ẹ bá rí ibi tó gba gbogbo wa, à ń lọ. Bí ẹ ò bá rí, kó máa dá lọ."

Wọ́n fún mi ní ìwé kékeré kan, kálukú sì sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ bá òun wò. Màámi fẹ́ mọ bí iná ṣe ń wà sí, àti ọjà aṣọ tó súnmọ́ tòsí. Orúnkún ń dun Ìyá Àgbà, nítorí náà wọn ò fẹ́ ilé tí wọ́n á máa gun àtẹ̀gùn. Wọ́n tún fẹ́ ibi tí wọ́n lè jókòó síta kí èèyàn máa kí wọn. Àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, fẹ́ mọ̀ bóyá pápá bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Bàbá mi fẹ́ mọ iye wákàtí tí òun á máa lò lójú ọ̀nà. Èmi nìkan ni mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. SS2 ni mo wà, wọ́n sì ti pinnu pé níbí ni n ó wà títí n ó fi ṣe WAEC. Ilé tí mo ń lọ wá, ọlidé nìkan ni n ó máa rí i.

A gbéra láàárọ̀ kùtù, a gba Akwanga àti Keffi. Nígbà tí a gun afárá Odò Ọya kí a tó wọ Lókọ́jà, bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ náà ti kúrò lára ará Òkè Ọya báyìí." Ìgbà yẹn ni orúkọ tí wọ́n ń pè wá tó yé mi dáadáa. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá ká tó dé ilé ẹ̀gbọ́n màámi ní Agége, tí a ń pè ní Màámi Agége.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé ní Èkó, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ibì kan jìnnà ní kìlómítà. Wákàtí ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà, wákàtí ọ̀hún sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ Màámi Agége fi mọ́tò wọn gbé wa lọ sí Àpápá. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni. Inú mi dùn, mo ní ṣé ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá nìyí. Ilé Agége ò wọ́n púpọ̀, a máa rí yàrá mẹ́ta, Màámi Agége á sì wà nítòsí. Bàbá mi ní kí n má tíì kọ ọ́ sílẹ̀, kí a dúró di ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ajé, a jáde ní aago 5 ìdájí. Dánfó ni a wọ̀ bí òṣìṣẹ́ tí kò ní mọ́tò ṣe máa wọ̀ ọ́. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀ ní Oṣòdì. Bí a ṣe ń súnmọ́ Àpápá, ọkọ̀ tírélà tò gbọọrọ, àwọn tó ń lọ gbé ẹrù ní èbúté. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì pe àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Ètò. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wa gan-an ni o! Ètò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tírélà ṣì pọ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 20 ni a lò ní àlọ. Ní ìrọ̀lẹ́, àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta.

Ọkọ̀ ojú irin kan wà o, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line, láti Agbádó gba Agége dé Ọ̀yìngbò. Ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ó yá, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n kì í lọ lemọ́lemọ́ bíi dánfó, ẹni tó bá sì bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yìngbò ṣì ní láti tún wọkọ̀ míì kó tó dé Àpápá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti ìwé mi, mo ṣírò. Bí a bá ń gbé Agége, bàbá mi á jáde ní aago 5, wọ́n á wọlé ní nǹkan bí aago 9. Aago 8 ni àbúrò mi máa ń sùn, aago 6 ló ń jí. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kò ní rí bàbá rẹ̀ lójú. Mo fi ìṣirò náà han bàbá mi. Wọ́n wò ó títí, wọn ò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá máa dá wà bẹ́ẹ̀ nínú Èkó kan náà pẹ̀lú wa, kí la tìtorí ẹ̀ kẹ́rù?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ajẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ yín ṣì máa bá wọn pàdé. Yàtọ̀ sí owó ilé, wọ́n á gba kọmíṣánnì àti owó agíríméǹtì, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn onílé kan tún ń gba owó tí wọ́n á fi tún ilé ṣe bí a bá ba nǹkan jẹ́. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àyàfi ní àwọn àdúgbò díẹ̀ bí Ìkòyí àti Àpápá tí òfin náà yọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ajẹ́ńtì méjì ló bi bàbá mi pé ṣé owó ọdún méjì wà lọ́wọ́.

Ajẹ́ńtì kan mú wa lọ sí ilé kan ní apá Mile 2. Ah, ilé náà wù mí! Yàrá mẹ́ta, ìsàlẹ̀ ni, kò sí àtẹ̀gùn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ni. Kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbéra lọ sí Marina, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Màámi lè gba ibẹ̀ lọ ra aṣọ ní Balógun. Ajẹ́ńtì ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá sanwó ní aago 4, kí bàbá mi tètè sanwó. Bàbá mi ti ń yọ fóònù.

Mo jáde lọ wo ibi tí Ìyá Àgbà máa jókòó sí. Ìyá kan ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ọjà á tà." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ ta ni ọ́? Ohùn ẹ ò jọ ti Èkó." Mo ní láti Jọ́ọ̀sì ni, pé ilé yẹn la fẹ́ gbà, pé ìyá bàbá mi ò lè gun àtẹ̀gùn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, lọ wo ara ògiri lẹ́yìnkùlé, níbi tí ọ̀dà ò dé." Mo lọ wò ó. Ilà pupa kan wà lára ògiri yípo, ó ga dé ìbàdí mi. Ibi tí omi òjò ń dé nìyẹn. Mo pe bàbá mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n dá fóònù padà sápò.

Ọjọ́rú la dé Sùúrùlérè. Ní àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ wà lára ibi tí ìjọba kó àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ. Ó ti pẹ́, nígbà náà, tí àdúgbò yẹn ti ń gba ẹni tó ń kó ẹrù. Ilé tí a rí níbẹ̀ ò ní yàrá ju méjì lọ, owó rẹ̀ sì ju ti Agége lọ. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni. Balùkónì kékeré wà níwájú tí àga kan lè gbà. Ọjà Téjúoṣó ní Yábà ò jìnnà. Mo bi àwọn aládùúgbò nípa iná, wọ́n ní Band A làwọn, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣètò wákàtí 20 lójúmọ́ fún, tí owó iná wọn sì lọ sókè láti oṣù Kẹrin ọdún 2024. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀ fún màámi, iná àti owó rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, a jáde láti àdúgbò yẹn ní aago 6 àárọ̀ lọ sí Àpápá: ìṣẹ́jú 50. Àbọ̀ jẹ́ wákàtí kan àti díẹ̀. A tún padà lọ lálẹ́ láti wo bí àdúgbò ṣe rí nínú òkùnkùn. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì tó dákẹ́.

Bàbá mi pe ilé, wọ́n ka ohun tó wà nínú ìwé mi fún wọn láti òkè délẹ̀. Màámi bèèrè pé nínú yàrá méjì, ibo ni ẹ̀rọ ìránṣọ á wà. Bàbá mi ní lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ìyá Àgbà bèèrè pé aago mélòó ni ọmọ àwọn á máa wọlé. Wọ́n ní aago 7. Wọ́n ní, "Ẹ gbà á. A ti gbé yàrá kan rí."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ti yín bá dé, ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ẹ jẹ́ kí kálukú nílé sọ ohun tó fẹ́ kí ẹ tó gbéra. Ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ wo ọ̀nà, ẹ má fi ọjọ́ Àìkú wò ó. Ẹ padà lọ wo àdúgbò lálẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé kí ẹ tó yin iwájú rẹ̀. Kí ẹ sì kí àgbà tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní èdè rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Àwọn kan máa ń bi wá pé kí là ń fi Yorùbá ṣe níbí tí Hausa ti gbòde. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ màámi wà láàyè lónìí nítorí "ẹ kú ọjà o, Mà."

Ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á kó ẹrù. Èmi á wà níbí nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo ti ṣírò tèmi náà: ọlidé mẹ́ta ló kù kí n tó ṣe WAEC. Ìyá Àgbà ní àga méjì làwọn máa gbé sí balùkónì yẹn, bó bá tiẹ̀ máa há.