Àárẹ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Èdè wa ní ìkíni fún gbogbo ipò tí ènìyàn lè wà: fún ẹni tí ó jókòó, fún ẹni tí ó dúró, fún ẹni tí ń ti oko bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa àgbà ni, "Ṣé ara le?" Ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: "A dúpẹ́." Kì í ṣe ìbéèrè ní tòótọ́, ọ̀wọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá dúró láti ṣàlàyé bí ara òun ti rí gan-an, ẹnu yóò ya ẹni tí ó kí i, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa wo ọ̀nà. Èmi kò ní ẹ̀sùn sí ìkíni náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àárẹ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fi "a dúpẹ́" bò mọ́lẹ̀ níwájú dókítà, èyíinì ni àárẹ̀ àwa arúgbó tí ẹ̀rọ wà ní àyà wa.

Ní apá òkè ọkàn ènìyàn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ibi kékeré kan wà tí ń pàṣẹ fún un láti lù. Bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, àṣẹ náà a máa wá ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ 60 péré, ìlù 86,400 ni ní ọ̀sán àti òru kan. Ní ọjọ́ ogbó, ibi kékeré yìí lè di aláìlágbára, tàbí kí ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà kọjá dí. Mo ti pé ẹni ọdún 71 nígbà tí tèmi dí. Ọkàn mi ń lù ní ìgbà 36 ní ìṣẹ́jú kan, òòyì ń kọ́ mi, mo sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn dókítà wá fi ẹ̀rọ kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní pacemaker, sí abẹ́ awọ àyà mi ní apá òsì, wọ́n sì ti wáyà tín-ínrín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn. Bí ọkàn bá gbàgbé láti lù, ẹ̀rọ náà a fi iná mànàmáná tí kò tó nǹkan rán an létí.

Ọgbọ́n yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní ilẹ̀ Sweden, oníṣẹ́-abẹ Åke Senning fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí onímọ̀ ẹ̀rọ Rune Elmqvist ṣe, sínú ara Arne Larsson, ẹni ọdún 43. Ìyàwó Larsson ni ó bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi gbà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ náà kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ 26 ni ọkùnrin yìí lò kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2001, ní ẹni ọdún 86. Oníṣẹ́-abẹ náà àti ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní tèmi, mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì lọ.

Nígbà tí mo padà sí ilé, gbogbo ènìyàn ń retí pé n ó máa sáré bí ọkọ̀ akẹ́rù tí a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Òòyì lọ, n kò sì ṣubú mọ́. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kò lọ. Bí mo bá wẹ̀ tán ní òwúrọ̀, mo ní láti jókòó kí n tó lè wọ ẹ̀wù. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé-ìjọsìn, ẹsẹ̀ mi a wúwo bí ẹni tí ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìgbà èwe wọn wá kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, àbí ẹ̀rọ yẹn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ọmọ mi, nígbà tí o wà ní kíláàsì mi, ta ni ó ń lu agogo?" Ó dárúkọ ọmọ náà. Mo ní, "Ṣé òun ni ó kọ́ ọ ní ìṣirò?" Ó rẹ́rìn-ín.

Alágogo ni ẹ̀rọ náà. Ó ń mú kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àkókò rẹ̀. Kò lè sọ ẹran ara arúgbó di ti ọ̀dọ́, kò lè fi kún ẹ̀jẹ̀, kò sì lè bá ni sun oorun.

Èdè wa ràn mí lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Àwọn baba wa a máa pe àìsàn pàápàá ní àárẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. "Ó rẹ̀ mí" kì í ṣe "ó sú mi". Ẹni tí nǹkan sú ní agbára láti ṣe é, ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí agara dá, sùúrù rẹ̀ ni ó tán. Ọ̀lẹ ní tirẹ̀ kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó rẹ̀ a máa fẹ́, a tilẹ̀ máa dìde. Ara ni kò gbà fún un. Báyìí ni mo tò ó fún dókítà: kò sú mi, n kò sì banú jẹ́, ó ń rẹ̀ mí lórí àtẹ̀gùn ju ilẹ̀ títẹ́jú lọ, ó sì ń rẹ̀ mí lẹ́yìn oògùn òwúrọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Dókítà náà, obìnrin tí ó kéré sí àbíkẹ́yìn mi, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wò bóyá ó tó, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ a máa mú àárẹ̀ wá. Ó wo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń lò, ó sì dín ọ̀kan kù. (Òun ni ó dín in kù o, kì í ṣe èmi. Ẹni tí ó bá dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ ń fi iná ṣeré.) Lẹ́yìn náà ó gbé ohun èlò kan lé àyà mi, kọ̀ǹpútà sì ń ka ohun tí ẹ̀rọ náà ti ṣe láti oṣù mélòó kan. Ó ní bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá ń gun òkè, ọkàn rẹ̀ a yára. Ẹ̀rọ tèmi náà lè mọ̀ bí ara bá ń mì, kí ó sì yára. Ṣùgbọ́n bí a ti ṣètò rẹ̀, kò tètè mọ ìrìn arúgbó tí ń rọra tẹ ilẹ̀. Mo ń fi ọkàn ẹni tí ó jókòó gun àtẹ̀gùn. Ó tún ètò náà ṣe láìfi abẹ kàn mí, ó ní kí n rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Gbogbo àárẹ̀ náà kò lọ. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan ni ó lọ. Méjì tí ó kù, àwa ni a jọ ń gbé. Agbára òòjọ́ mi wá dà bí owó oṣù olùkọ́: kò pọ̀, ó sì ti ní ibi tí ó ń lọ kí ó tó dé. Òwúrọ̀ ni mo ń ná èyí tí ó pọ̀ jù. Mo ń rìn dé ìdí igi máńgòrò tí ó wà lẹ́bàá ilé-ìwé lójoojúmọ́, nítorí ẹsẹ̀ tí a kò lò a máa rọ. Ní ilé-ìjọsìn, mo ń jókòó kọ orin. Nínú Ìwé Ẹ́kísódù, nígbà tí ọwọ́ Mósè wúwo, òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá kí ó jókòó lé, kí Áárónì àti Húrì tó gbé ọwọ́ rẹ̀ ró. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí àwọn tí ó gbé ọwọ́ ró. N kò tíì gbọ́ èyí tí ó mẹ́nu kan òkúta náà.

Òkú sísin ni ó ṣòro jù. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí kò bá wá, wọn kì í béèrè ìdí rẹ̀. Wọn a ní ìgbéraga ni. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sùn nínú Olúwa. Mo fi ọjọ́ méjì sinmi kí n lè dúró ní etí ibojì rẹ̀. Mo dúró títí wọ́n fi bu erùpẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n n kò dé ibi àsè. Àkọ́bí rẹ̀ fajú ro sí mi, mo sì ránṣẹ́ pè é. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tí ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ awọ, mo sọ fún un pé ọjọ́ méjì ni mo fi kó agbára jọ de baba rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, n kò mọ̀." Ó sunkún, èmi náà sì sunkún.

Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo ń lọ kí wọ́n wo bátìrì ẹ̀rọ náà, nítorí bí ó bá ń tán lọ, abẹ ni a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Dókítà ní kí n máa kọ ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ mí jù, àti ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ náà, sílẹ̀ dè é. Mo ti kọ ìwé kan kún, mo wà lórí ìkejì. Ọmọ-ọmọ mi ni ó ń fi rúlà fa ìlà rẹ̀ fún mi.