Ohun tí ẹnà fi hàn mí

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ṣágámù, ẹnà ni àwa ọmọ agboolé fi ń sọ ohun tí a kò fẹ́ kí àgbà gbọ́. Bí ìyá mi bá ń ṣa obì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni a ó ti máa gbìmọ̀ bí a ó ṣe sá lọ sódò. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí o bá ti pe sílébù kan, fi g tì í, kí o sì tún fáwẹ̀lì rẹ̀ pè pẹ̀lú ohùn kan náà. “Wá” á di “wágá”, “obì” á di “ogobìgì”.

Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti ń kàwé kí n tó mọ̀ pé àgbà náà máa ń dá èdè sílẹ̀. Inú ìwé kan ni mo ti pàdé Esperanto, èdè tí Zamenhof, oníṣègùn ojú, gbé jáde ní Warsaw ní 1887. Ní Bialystok tí wọ́n bí i sí, Júù, ará Pólàǹdì, ará Rọ́ṣíà àti ará Jámánì jọ ń gbé, èdè wọn kò pọ̀ mọ́ra, ìjà kò sì tán láàárín wọn. Ó gbà pé èdè kan tó rọrùn lè là wọ́n.

Òfin 16 ni ó kọ fún gírámà rẹ̀. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé àbọ̀ gbọ́dọ̀ gba n nídìí. “La infano vidas la birdon” ni ọmọ rí ẹyẹ. Bí a bá yí i po, tó di “La birdon vidas la infano”, ọmọ náà ṣì ni ó rí ẹyẹ. N ti tọ́ka sí ẹni tí a rí. N kan náà ló ń sọ ibi tí à ń lọ: “en la domo” ni nínú ilé, “en la domon” ni wọ inú ilé.

Ó dùn mọ́ mi, síbẹ̀ ó tún dùn mí, torí mo rò pé Yorùbá kò ní ohun tó jọ ọ́, pé ipò tí ọ̀rọ̀ jókòó sí nìkan ni a fi ń mọ ẹni tó ṣe é yàtọ̀ sí ẹni tí a ṣe é sí.

Ẹnà ló la ojú mi. Lọ́jọ́ kan tí mo ti dàgbà, mo ń da gbólóhùn sí ẹnà, mo sì ń fetí sí i. “Ó ra obì” di “ógó raga ogobìgì”, ṣùgbọ́n “ó rà á” di “ógó ràgà ágá”. Àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló gbé “rà” kúrò nílẹ̀. Arọ́pò-orúkọ kò gbé e. “Ó pè mí” ní “mígí”, “ó rí mi” ní “migi”: “mi” ń wo ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe kó tó gbé tirẹ̀. Nínú “ẹyẹ rí ọmọ”, “ọgọmọgọ” ni àbọ̀ jẹ́. Nínú “ọmọ rí ẹyẹ”, ó di “ọgọmọ́gọ́”: ohùn òkè ti gun ìparí olùwà, ohùn tí a kì í kọ sílẹ̀, tí kò sì sí ọmọ tó ń ṣì í.

Zamenhof jókòó, ó sì kọ òfin tirẹ̀. Tiwa ti wà lẹ́nu ká tó mọ̀ pé òfin ni. Ìdí nìyí tó fi ń ká mi lára bí a bá kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i: “o ra” wà lórí ìwé, a kò mọ̀ bóyá èmi ni ìwọ ń bá wí tàbí ẹlòmíràn ni.

Ìyá mi kò kàwé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí a ti ń gbìmọ̀ odò lọ́wọ́, kò gbé ojú kúrò lára obì rẹ̀ tó fi dá wa lóhùn: “Mogo gbọ́gọ́ ọgọ.” Ẹ̀rù bà wá débi pé a kò gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ohùn àárín lẹ́yìn ohùn òkè, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Òun náà ti ṣe ọmọdé rí.