Yíyọ Ló Le Ju Kíkì Lọ

Ní 1999, Jerry Miculek, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rìfọ́fà mọ̀ bí ẹní mọ owó, yin ọta mẹ́fà, ó da èèpo wọn nù, ó ki mẹ́fà mìíràn, ó sì yin àwọn náà tán. Ìṣẹ́jú àáyá 2.99 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹni tó bá sín lásìkò yẹn kò ní rí nǹkan kan. Smith & Wesson 625 ni ìbọn tó lò, ohun tó sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ni irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní moon clip (kílíìpù ni mo máa pè é), tó di ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú yíká bí òdòdó, tí ọwọ́ fi lè gbé gbogbo wọn sọ sínú àgbá ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà. Aago tó ka 2.99 yẹn kò ka àsìkò tí ènìyàn fi jókòó sídìí tábìlì, tó ń fi ọta há irin náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìdí tábìlì yẹn ni tèmi lónìí.

Houston ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas, mo sì máa ń lọ sí ìdíje rìfọ́fà ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin rí àwòrán kílíìpù wọ̀nyí lórí WhatsApp, ohùn rẹ̀ yí padà. “Bùọ̀dá mi, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti lọ wọṣẹ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn wa?” N kò bá a wí. Nílé, ẹni tó bá mọ ìbọn dunjú, bí kò bá jẹ́ ọdẹ, ọlọ́pàá ni tàbí sójà, tàbí kó jẹ́ àwọn tí a kì í dárúkọ lálẹ́. Òfin ohun ìjà Nàìjíríà ti 1959 fi rìfọ́fà àti písítù sí abẹ́ àwọn ìbọn tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé ààrẹ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń ki ètù sí lẹ́nu, ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Texas, eré ọjọ́ ìsinmi ni. Mo ṣàlàyé títí, ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ kí n má jẹ́ kí Màmá rí àwòrán náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kílíìpù fi wà. Ọta tí wọ́n dìídì ṣe fún rìfọ́fà ní etí tó yọ síta ní ìdí. Etí yẹn ni irin tó dà bí ìràwọ̀ láàárín àgbá ń kọ́ nígbà tí a bá fẹ́ ti èèpo síta. Ọta písítù kò ní irú etí bẹ́ẹ̀: ìdí rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ara rẹ̀, ìlà jíjìn kan ni wọ́n gbẹ́ yí i ká. Bí a bá sọ ọ́ sínú àgbá rìfọ́fà, irin náà kò rí nǹkan kọ́. Kílíìpù ló ń há sínú ìlà jíjìn náà, tó sì di etí fún ọta mẹ́fà pọ̀.

Ogun ló bí i. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní oṣù kẹrin 1917, písítù M1911 tó wà nílẹ̀ kò kárí àwọn ọmọ ogun. Ilé iṣẹ́ Colt àti Smith & Wesson ti ń ṣe rìfọ́fà ńláńlá tẹ́lẹ̀, ìjọba sì ní kí wọ́n tún un ṣe kó lè gba ọta .45 ti písítù. Smith & Wesson ló gbé kílíìpù aláàbọ̀ òṣùpá jáde, ọta mẹ́ta nínú ọ̀kan, méjì á sì kún àgbá. Àwọn Colt tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò tilẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láìsí kílíìpù, nítorí wọ́n lu ihò àgbá náà já gbọọrọ, ọta kò rí ibi tí yóò gbá mọ́. Nǹkan bí 300,000 ni ilé iṣẹ́ méjèèjì ṣe fún ogun náà. Ní 1937, ilẹ̀ Brazil náà kọ̀wé béèrè 25,000 lọ́wọ́ Smith & Wesson. Ohun tí mo kíyè sí nínú ìtàn yìí ni pé sójà 1917 kì í jókòó ki kílíìpù: inú kílíìpù ni ọta ti wá láti ilé iṣẹ́, nínú páálí. Ìgbà tí ogun parí, tí ìbọn náà bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú, ni làálàá náà bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ní 1920, ilé iṣẹ́ Peters ti ń ta ọta .45 Auto Rim, tí wọ́n fi etí nípọn sí nídìí, fún àwọn tí kò fẹ́ fojú kan kílíìpù mọ́. Ó yé mi. Mo mọ ohun tí ojú wọn rí.

Ìdíje Sátidé kan lè gba ọta 150. Bó bá jẹ́ mẹ́fà mẹ́fà, kílíìpù 25 nìyẹn. Ìgbà 150 ni ènìyàn á fi ọta há a lẹ́nu, ìgbà 150 mìíràn ni á sì fa èèpo yọ. Láti 2014 tí USPSA, ẹgbẹ́ tó ń darí ìdíje ìbọn ní Amẹ́ríkà, ti fàyè gba ọta mẹ́jọ nínú ìpele rìfọ́fà, tí Smith & Wesson sì gbé 929 onímẹ́jọ jáde lọ́dún kan náà, kílíìpù dín díẹ̀, ṣùgbọ́n iye ọta kò dín. Ẹni tó dúró lẹ́yìn okùn tó ń pàtẹ́wọ́ kò mọ̀. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ.

Ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra rìfọ́fà onímẹ́jọ, ó sì wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. “Ẹ̀gbọ́n, irinṣẹ́ wo ni kí n fi máa ki kílíìpù? Mo rí ọ̀kan tó ń ṣe é ní kíá.” Gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí, nítorí òun ló ń dán nínú fọ́nrán. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ fún mi èèpo ọta ilé iṣẹ́ wo ló ń lò. Ó ní oríṣiríṣi ni, pé ohun tí òun bá ṣà nílẹ̀ ní pápá ni òun ń kó lọ tún ṣe. Mo ní ká jókòó.

Bí a ṣe ń wò ó yìí, gbogbo èèpo idẹ ló jọra. Àmọ́ ìlà jíjìn tó wà nídìí wọn kò jìn bákan náà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń gbẹ́ tirẹ̀. Kílíìpù kan náà tó gba èèpo ti ibì kan wẹ́kú lè jẹ́ kí ti ibòmíràn máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọta tó bá ń mì, ẹnu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kì í kọjú sí ibì kan. Àgbá ń dúró dè wọ́n, ọwọ́ ń wá ihò kiri, aago kò sì dúró. Bí ìlà náà kò bá jìn tó, agbára ni a ó fi tì í wọlé, agbára kan náà ni a ó fi yọ ọ́, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Nítorí náà, èèpo ni kí ènìyàn kọ́kọ́ mú, kó mú oríṣi kan, kó sì dúró tì í. Kílíìpù tó bá èèpo yẹn mu ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gé kílíìpù fún oríṣi èèpo kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti mú méjì àkọ́kọ́ dáadáa á rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o ṣe.

Mo ní fẹ́rẹ̀ẹ́, nítorí ọwọ́ kò dọ́gba. Ọta .45 tóbi, kílíìpù rẹ̀ nípọn díẹ̀, ó sì ń jẹ́ ipè: a ó fi ìlà jíjìn náà kọ ẹnu kílíìpù, a ó ti ìdí ọta pẹ̀lú àtàǹpàkò, á dún kà, ó ti wọlé. Ti .38 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta yẹn ti ní etí tirẹ̀, kìkì kí wọ́n lè wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kílíìpù ṣe wà fún un; àyè tó kù fún kílíìpù láàárín etí náà àti ẹ̀yìn àgbá kéré, ìyẹn ni wọ́n fi ń gé kílíìpù rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti .45 lọ. Ó ń gé ènìyàn lọ́wọ́. Àgbàlagbà kan wà ní pápá wa tí làkúrègbé ti mú gbogbo oríkèé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ orí tábìlì ló ń lò, èyí tó ní òpó kékeré láàárín tí a ń fi ihò kílíìpù kọ́, tó sì ní apá gígùn kan. Ó fi ọta sí àyè rẹ̀, ó fa apá náà, ó yí kílíìpù díẹ̀, ó fi òmíràn sí i. Kò yára, kò sì kánjú. Bí ọwọ́ tèmi bá dà bí tirẹ̀ lọ́la, n kò ní wo iye owó ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mìíràn máa ń mú pláyà lásán, wọ́n á lọ ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà bò ó, wọ́n á sì fi máa fún ọta mọ́ inú kílíìpù láti ẹ̀gbẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì dínwó. Kìkì kí ẹnu pláyà má ṣe kan ojú kékeré tó wà ní àárín ìdí ọta, ibi tí ìbọn ń gbá kí ọta tó bú. Kílíìpù oníke náà wà tí kò fẹ́ irinṣẹ́ rárá, ìka ló ń kì í, ìka ló ń tú u. Fún ẹni tó ń yin ìbọn fún ìgbádùn, ó dára. Ní ti ìdíje, irin ni mo fara mọ́.

Gbogbo èyí, kíkì ni. Ibi tí kílíìpù ti ń kú ni yíyọ. Ènìyàn á dé láti pápá, ó ti rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ti dúdú, òórùn ètù wà lára aṣọ, àpò kún fún kílíìpù tí èèpo ṣì há sí lẹ́nu. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń mú sukudúráfà, tí wọ́n ń fi ń yọ èèpo ní ipá. Èèpo á fò jáde lóòótọ́, àmọ́ apá kékeré tó di èèpo náà mú ti tẹ̀, títẹ̀ náà kò sì tó ohun tí ojú lè rí. Ó di inú ìdíje kó tó jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Kílíìpù wà láàárín ẹ̀yìn àgbá àti ara ìbọn, àlàfo ibẹ̀ kò tó nǹkan. Bí irin náà bá wọ́ díẹ̀, á máa ha ara ìbọn, àgbá á wúwo, tírígà á le, tàbí kí òòlù gbá ọta kó má bú. Ènìyàn á máa bínú sí ìbọn tí kò ṣẹ̀.

Irinṣẹ́ tó ń dènà èyí kò ní ẹwà kankan. Páìpù kékeré ni, tó gba orí èèpo wẹ́kú, tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kan kó má baà fi ara gbá èèpo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ní ohun ìdìmú lẹ́yìn. A ó fi bọ orí èèpo, a ó yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀, èèpo á bọ́ sínú páìpù láìjẹ́ pé kílíìpù mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Agbára náà ń lọ sí ibi tó yẹ, sí ara èèpo, kì í ṣe sí ara irin pẹlẹbẹ. Nígbà tí páìpù bá kún, a ó da idẹ inú rẹ̀ sínú abọ́. Kò wọ́n. Owó ẹ̀rọ orí tábìlì tó ń dán nínú fọ́nrán lè ra irú rẹ̀ mélòó kan.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà bá mi délé, mo fi dígí kan hàn án, dígí lásán tó wà lórí tábìlì mi. Mo gbé kílíìpù òfìfo lé e, mo fi ìka kan tẹ etí rẹ̀ ní ọ̀tún, mo tẹ̀ ẹ́ ní òsì. Èyí tó bá mì, tó dún lára dígí, kò ní bá mi dé ìdíje mọ́. Á di ti ìdánrawò tàbí kí n sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn tí mo bá kì í tán, mo tún máa ń sọ ọ́ sínú irin onígun mẹ́rin kan tí wọ́n lu ihò mẹ́jọ sí bíi ti àgbá, kí n lè mọ̀ bóyá gbogbo ẹnu ọta ń wọlé geere. Inú irin yẹn ni mo ń wò ó, kì í ṣe inú ìbọn, nítorí ìbọn kì í rí ọta nínú ilé mi. Ní pápá náà, àgbá gbọ́dọ̀ ṣófo títí olùdarí yóò fi ní kí a kì í.

Ó wo dígí náà, ó wo páìpù náà, ó tún gbé fóònù rẹ̀ síta, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń dán yẹn hàn mí lẹ́ẹ̀kejì.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí tún máa ń yọ ọ́ o.”

Mo ní, “Ra èèpo oríṣi kan ná. Ra páìpù. Bí owó bá ṣẹ́kù, ra kílíìpù sí i, nítorí wọ́n máa ń sọnù nínú koríko.”

“Kí n wá fi kí ni kì í?”

Mo di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó ń fi ọwọ́ yẹn gbé àpótí ní ilé ìkẹ́rùsí láti àárọ̀ dalẹ́.

“Èyí,” ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní òun máa rà á náà.