Ajá Bàbá Àgbà

Nílé wa, a ní ajá kan tí kì í jẹun, tí kì í sì í gé ẹnikẹ́ni jẹ. Àwo orin ni. Aja ni orúkọ rẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, mo kà á sókè pé "ajá", bàbá àgbà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú bá ti pọ́n, wọ́n á ní, "Bá mi gbé ajá yẹn wá." Àwọn tó ṣe é kò ní ajá lọ́kàn rárá. Bí ẹni ń pe Éṣíà ni wọ́n ń pè é, orúkọ obìnrin ará Kòríà kan ni.

Steely Dan, ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1977. Ká má tan ara wa, ènìyàn méjì péré ni ẹgbẹ́ náà nígbà náà: Donald Fagen àti Walter Becker. Wọ́n á pe àwọn ògbóǹtarìgì onílù, onígìtá àti afunfèrè wá sí sítúdíò, bí iṣẹ́ wọn kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Fún ibi gìtá kékeré kan nínú "Peg", ọ̀pọ̀ onígìtá ló gbìyànjú kí ti Jay Graydon tó wọlé. Olùkọ́ Ìṣirò wa ìbá fẹ́ràn wọn.

Orin méje ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà ni orin kejì, ó sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Níbẹ̀ ni Wayne Shorter ti fun fèrè saxophone, tí Steve Gadd sì ń da ìlù sí i lábẹ́ bí òjò tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Etí mi ti mọ dùndún àti bàtá láti kékeré, síbẹ̀ ìlù yẹn máa ń mú mi dúró.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọdún Àjíǹde pé ni ìyá mi ní kí n nu eruku pálọ̀. Mo kó àwọn àwo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo yọ ajá kúrò nínú páálí rẹ̀, mo gbé e lé orí àga, ni omi bá dé. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa n'Íbàdàn mọ̀ pé bí omi ẹ̀rọ bá dé, a kì í dúró. Kí n tó pọn omi tán, oòrùn ti yí dé orí àga. Etí àwo náà ti ká sókè bí ewé kókò tó gbẹ. Mo dá a padà sínú páálí, mo tì í sí àárín I.K. Dairo àti Haruna Iṣọla, mo sì dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo ní iná kò sí. Òótọ́ ni, kò sí. Ọjọ́ Àìkú kejì, mo ní mò ń kàwé ìdánwò. Irọ́ nìyẹn.

Mo yá fóònù ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Mo rí i pé wọ́n tún àwo náà tẹ̀ ní 2023, ọdún tí Wayne Shorter kú, fún àwọn tí etí wọn kì í gba gbẹ̀rẹ́. Èyí tí Analogue Productions ní Kansas ṣe jẹ́ dọ́là 150. Owó yẹn ju ohun tí mo lè fi orí ara mi sọ lọ. Bernie Grundman, tó gé àwo náà ní 1977, náà ni wọ́n tún pè láti gé e. Wọ́n pín in sí àwo méjì, nítorí ìgbà 45 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, dípò 33 àti díẹ̀ tó wà lára ti bàbá àgbà. Bí àwo bá ṣe ń yára tó ni ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe ń gùn tó, ohùn á sì ráyè na ẹsẹ̀. Mo kọ́ Físíìsì púpọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ téèpù ló gbà mí lóorun. Àwọn tó tún un tẹ̀ sọ pé ẹ̀dà téèpù ni àwọn lò, nítorí pé kò jọ pé ojúlówó rẹ̀ ṣì wà láyé. Gbogbo owó Amẹ́ríkà kò lè rà á. Ti bàbá àgbà sì rèé, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì wà ní títun, èmi ni mo gbé e sí oòrùn.

Ní ọjọ́ kọkànlá, mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti pa ajá."

Wọ́n gbé àwo náà sókè dé ojú wọn, wọ́n wo etí rẹ̀ yíká. Mo yára sọ fún wọn pé n ó tọ́jú owó ra tuntun, pé tuntun náà tiẹ̀ dára jù ú lọ.

"Ṣé ibi tí bàbá rẹ fi báírò ha wà lára tuntun yẹn?"

Mo mọ ibẹ̀, nínú orin kẹta. Ó máa ń dún tá, tá, tá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni bàbá mi nígbà tó ṣe é.

Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ní Chicago, nígbà òtútù ọdún 1978, owó abọ́ tí wọ́n ń fọ̀ nílé oúnjẹ ni wọ́n fi ra àwo náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé pé bàbá wọn ti kú nílé, wọ́n sì ti sin ín. Kò sí owó ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn mẹ́ta ló jọ ń gbé yàrá kan, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ ẹkún wọn. Orin kejì ni wọ́n máa ń gbé sí i, nítorí pé ó gùn tó láti sunkún tán.

"Kí ló dé tí o fi pa á mọ́ fún mi?" ni wọ́n bi mí. Mi ò rí èsì.

Wọ́n ní kí n tan gíráfóònù. Orin àkọ́kọ́, "Black Cow", ìyẹn màlúù dúdú, kò ṣeé gbọ́. Abẹ́rẹ́ ń fò bíi tata. Ṣùgbọ́n etí nìkan ló ká. Nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ wọ inú díẹ̀ sí i, orin kejì dún.

"Màlúù ti kú," ni bàbá àgbà wí, "ajá ṣì ń gbó."

Fèrè Shorter wọlé. Wọ́n di ojú. Ìyá mi pariwo láti ilé ìdáná pé omi ti dé o, mi ò dìde.