Ẹ wá wo iyanrìn tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà l'Àgbádárìgì

Ẹni tó bá ń gbé Ìyànà Iyesi mọ ohun tétí ń gbọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́: ariwo ẹ̀rọ iléeṣẹ́, fèrè tírélà, igbe àwọn kọ̀ǹdọ́ tó ń pe Sángo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọlidé bá dé, etí òkun ló máa ń wu ọ̀pọ̀ wọn. Àgbádárìgì ò sì jìnnà. Béèyàn ò bá fẹ́ kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì àti Mile 2, Àtàn ni kó gbà, kó yà sí Lúsàdà, yóò já sí Agbára, ó ti bọ́ sí títì Àgbádárìgì nìyẹn.

Ká má parọ́, ibẹ̀ kì í ṣe ibi fàájì lásán. Ojúbọ Vlekete, òrìṣà òkun àti atẹ́gùn, wà láàárín ìlú. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ta èèyàn bí ẹní ta ewúrẹ́, ọjà náà sì ń jẹ́ orúkọ mọ́ òrìṣà lára. Ẹni tó ń bọ òkun ń bọ ọ́, ẹni tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú òkun ń kó o lọ!

Ní Jápáànù, ojúbọ Itsukushima ní ẹnu ọ̀nà kan tó dúró sínú òkun, ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò ni. Ẹnu ọ̀nà Àgbádárìgì náà wà létí òkun, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe yàtọ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. (Ẹ béèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹ má tijú.) Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ló kù: iyanrìn, igi àgbọn, oòrùn. Báwọn ọmọ bá ń kùn pé ó ti rẹ àwọn, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀nà yìí làwọn tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gbà, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó rẹ̀ wọ́n. Kànga kan wà lọ́nà, àwọn afinimọ̀nà ní wọ́n ń fún ẹrú mu níbẹ̀ kó lè gbàgbé ilé. Omi ọ̀hún ò ṣiṣẹ́ tó o, torí àwọn tó dé Brazil àti Kúbà ò gbàgbé Ṣàngó àti Yemọja. Níparí ọ̀nà, òpó funfun méjì ló dúró, òkun ló kù lẹ́yìn ẹ̀. Ibi àlọ-àìbọ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́fà dúró nídìí ẹ̀rọ l'Ọ́tà lẹ́tọ̀ọ́ láti jó létí òkun, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yọjú sí ogójì yàrá tí Seriki Williams Abass ti ń há ẹrú mọ́. Ọmọ Ìjógà-Òrílé ni ọkùnrin náà, ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Wọ́n mú òun náà lẹ́rú ní kékeré, wọ́n gbé e dé Brazil. Ìgbà tó padà wálé, òun fúnra ẹ̀ ló tún di olówò ẹrú. Ó kú lọ́dún 1919, inú ọgbà yẹn náà ni sàréè ẹ̀ wà.

Ẹ má wẹ̀ l'Gberefu o, ìgbì ibẹ̀ lágbára. Kẹ́ ẹ sì tètè ṣẹ́rí padà, kílẹ̀ má ṣú bá yín kẹ́ ẹ tó dé Lúsàdà.