Ohun Tó Wà Nínú Ìwọ̀n

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì kékeré ni pé máàsì ni iye nǹkan tó wà nínú ohun kan. Èyí bá àpò ìrẹsì mu: bí ẹ bá bù nínú rẹ̀, máàsì rẹ̀ á dín. Ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ńkọ́? Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò rí ohun kan tí a lè bù kúrò lára rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní máàsì. Máàsì kí wá ni?

Bàbá mi, tí wọ́n ń ta ìrẹsì, fẹ́ kí n ka ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì. Físíìsì ló wù mí. Wọ́n ní, "Ta ni yóò sanwó fún ẹ nítorí ohun tí ojú kò rí?" Mi ò jiyàn. Mo lọ wá ìdáhùn tí mo lè gbé síwájú wọn.

Einstein ti fi hàn ní 1905 pé agbára tí ohun kan ní nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́ ni máàsì rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò ní máàsì rárá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dúró. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gba tirẹ̀ láti ara pápá kan tó kún ibi gbogbo, tí wọ́n ń pè ní pápá Higgs. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní CERN, nítòsí ìlú Geneva, kéde èérún tuntun tó jẹ́ ẹ̀rí pé pápá náà wà.

Nínú àpò ìrẹsì kílò 50, nǹkan bí ìdajì kílò péré ló ti ara pápá yìí wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù jẹ́ agbára àwọn kúákì tó ń sáré kiri nínú pírótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù, àti ti ohun tó so wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò bá ní máàsì, átọ́ọ̀mù kankan kò ní lè dúró. Kò ní sí ìrẹsì, kò ní sí ẹni tí yóò tà á.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, bàbá mi wo òṣùwọ̀n wọn. "Ṣé ìwọ̀n mi kò pé ni?"

"Ó pé, Bàámi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Wọn ò tíì gbà fún mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bi mí pé kí ló so kúákì pọ̀.