Ìdérí kànga tó wúwo jù, kànga tó ṣí sílẹ̀ ni

Ọ̀rọ̀ ìdérí kànga ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fúláàtì, ẹ má tíì ṣí ìwé kọjá, ó kàn yín náà.

Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé kànga ni omi agboolé níbẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gbé omi ẹ̀rọ wá láti Ìjù, tí wọ́n ní káwọn èèyàn máa san owó omi, ìjà ńlá ló dá sílẹ̀. Herbert Macaulay wà lára àwọn tó ta kò ó. Títí dòní, bẹ́ ẹ bá wọ àwọn ilé àtijọ́ lẹ́yìn Ìdúmàgbò tàbí Ìtà Fàájì, ẹ ṣì lè bá kànga láàárín ilé, tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀.

Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ìdérí kànga agboolé àwọn ìyá mi. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀: kọnkéré tó tóbi tó yẹn á wúwo tó kílò 43. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ wá wò ó, ṣé ohun tó yẹ kí ìyá ẹni ọdún 70 máa gbé kúrò, kó tún máa gbé padà, láràárọ̀, nìyẹn?

Kí ni màmá yóò ṣe? Yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ ọdún mẹ́ta kan nínú ilé ti gbé ikùn lé etí kànga, ó ń bá òjìji ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú omi. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ni ìyá àgbà fi fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí màmá pé wọn ò bo kànga. Èmi ò bínú sí wọn o. Ìdérí yẹn ni mo bínú sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé rírì sómi wà lára ohun tó ń pa ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin jù lọ láyé. Ọmọ kékeré tó bá ń rì kì í sábà pariwo. Ẹ̀fọn náà ò kọ kànga tó ṣí díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin á di tanwíjí, tanwíjí á di ẹ̀fọn. Ti àwọn àgbà sì tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó wá di èémí mú láti fi agbára gbé nǹkan wúwo, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga sókè lójijì. Ẹ̀yìn àti ìdodo ńkọ́? A ń rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

A pe jórinjórin kan. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní mìlímítà 2 ló lò, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílò 8. Ó fi irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù so ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ etí kànga. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti dúró sójú kan, ìdajì ẹrù ló kù fún ọwọ́ yín, bíi kílò 4, bí ibi ìdìmú bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tó jìnnà jù. Àárín ni jórinjórin wa kọ́kọ́ fẹ́ fi í sí, torí ó dùn ún wò. Mo ní rárá. Bó bá wà láàárín, gbogbo ẹrù náà lẹ ń gbé.

Ẹ ní kí ó fi ṣéènì dá a dúró nígbà tó bá ṣí, kó fẹ̀yìn tì díẹ̀, kó má dúró gbọnrangandan. Ìdérí tó bá já lu ọrùn ẹni tó ń fa omi, wàhálà mìíràn ni. Ẹ kùn ún lọ́dà dáadáa, torí atẹ́gùn ọ̀sà tètè ń mú irin dípẹtà. Ti pákó rọrùn lówó, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Omi á jẹ ẹ́, ọmọ á sì dúró lé e lọ́jọ́ tó bá rà.

Bákan náà ni àpótí gíláàsì tí àwọn ọmọ ìwòyí fi ń sin ẹja ní pálọ̀. Ẹ gé ìdérí rẹ̀ sí méjì. Ẹ jẹ́ kí iná wà lórí ìdajì ẹ̀yìn tí kì í ṣí, kó jẹ́ pé ìdajì iwájú nìkan ni bàbá àgbà á máa gbé sókè láti fún ẹja lóúnjẹ.

Ó ku ọ̀kan o. Ìdérí kànga tó rọrùn fún màmá láti ṣí, ó rọrùn fún ọmọ ọdún mẹ́fà náà. A fi àgádágodo sí tiwa. Ọrùn màmá ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tiyín kọ́ ìṣó, ẹ kàn án ga ju ibi tí ọmọ tó gun àga lè nawọ́ dé.